Ìbàdí kọ́ ni ikùn: èsì lórí orúkọ fún BMI àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè yìí o.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "òṣùwọ̀n ọ̀rá ara" fún BMI (body mass index, ìṣirò tó ń fi ìwúwo ènìyàn wé gíga rẹ̀), "àyíká ìbàdí" fún ibi tí dókítà ń fi tépù yí láàárín ara, àti "àsanrajù" fún sísanra tó ti di ọ̀ràn ìlera. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, méjì àtààbọ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ ta kò.

BMI kò wọn ọ̀rá rárá. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀m, ló kíyè sí i ní 1832 bí ìwúwo àgbàlagbà ṣe ń bá gíga rẹ̀ rìn. Ancel Keys, onímọ̀ ìlera ará Amẹ́ríkà, ló wá fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, ní 1972. A ó sọ gíga ẹni di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a ó fi èyí tó jáde pín ìwúwo. Ẹni tó ga ní mítà 1.80, tó wúwo ní kílò 81, 25 ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé ara ti kọjá ìwọ̀n. 30 ni ọ̀ràn gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé irin, tí ara rẹ̀ le koko, lè kọjá 25 láìsí ọ̀rá púpọ̀ lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìwúwo-sí-gíga". Ohun tó ń ṣe náà nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbàdí ló ká mi lára jù. Ẹ ní kí ènìyàn fọwọ́ lé ìbàdí, ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa lọ: ẹ̀gbẹ́ ìdí ni. Ibi tí dókítà ń wọ̀n ga ju ibẹ̀ lọ. Agbede-méjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti téńté egungun ìbàdí ni, lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti mí síta jẹ́ẹ́jẹ́, láì fa ikùn wọlé (gbogbo wa la mọ̀ pé a máa ń fà á). Ọ̀pọ̀ wa ń fi ìbàdí pe ibi méjèèjì, kò sì ṣe nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìwọ̀n ló ń bà jẹ́. Wọ́n máa ń fi ìwọ̀n ti ìsàlẹ̀, ní ìdí, pín ti òkè, ní ikùn: bí ó bá tó 0.90 fún ọkùnrin tàbí 0.85 fún obìnrin, ewu wà. Tí méjèèjì bá ń jẹ́ ìbàdí, a fi ìbàdí pín ìbàdí nìyẹn, ọ̀kan ṣoṣo sì ni gbogbo ayé máa gbà!

"Àyíká ikùn" ni tèmi. Mo ti ń gbọ́ àtakò: ẹni tó gbọ́ ikùn á lọ fi tépù sí ibi tó yọ jù, tàbí sórí ìdodo. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, àṣìṣe yẹn kéré sí ti obìnrin tó wọn ìdí rẹ̀, tó wá fi wé sẹ̀ǹtímítà 88 tí wọ́n dá gẹ́gẹ́ bí ààlà ewu fún ikùn obìnrin. Yóò fi ara líle gba ìbẹ̀rù lásán.

Orúkọ yìí tún fún wa ní "ikùn-sí-gíga", ìyẹn àyíká ikùn tí a fi gíga pín, tí kò yẹ kó tó ìdajì. Ìyẹn ò tiẹ̀ nílò tépù. Ẹ wá okùn tó ga tó yín gẹ́lẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ fi yí ikùn. Bí etí okùn náà méjèèjì kò bá pàdé, ikùn ti ju ìdajì gíga lọ.

Ó ku àsanrajù, tí mo gba ààbọ̀ rẹ̀. Ó bá àṣejù àti àjẹjù mu, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ìdílé yẹn ń bá ẹni tó ṣe é wí ni. "O sanra" lásán lè jẹ́ ìkíni dídùn. Ẹ fi à- síwájú, kí ẹ fi jù sẹ́yìn, ó di ẹ̀sùn. Bẹ́ẹ̀ àjogúnbá wà lára ohun tó ń fà á, àwọn oògùn kan pẹ̀lú sì wà níbẹ̀. "Ìsanrajù" rọ̀ díẹ̀ létí mi. Àbí etí tèmi nìkan ni?