Server ní òun ti fi ìwé wa pamọ́, àṣé kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Àlàdé_Ọ̀yọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń bójú tó server, ẹ̀rọ tó ń gba ìwé wa pamọ́, tí àwa mẹ́sàn-án fi ń ṣàkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yorùbá. Inú ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń kọ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ tún message tó ń hàn sí ẹni tó ń kọ̀wé ṣe, mo sì fẹ́ kí test wa lágbára ju bó ṣe wà lọ. Kí lẹ ti bá pàdé?

Ìyá_Ìbejì
Èmi ò mọ kóòdù o, ògbufọ̀ ni mí. Lọ́jọ́ kan, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ìwé ìlera kan tí àwa mẹ́ta jọ ń túmọ̀. Lókè ibẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní àwọ̀ ewé pé “Ó ti wà ní ìpamọ́.” Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kejì mi pè mí pé ṣé n kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, òun ò rí nǹkan kan. Mo ní kó lọ nu ojú ẹ̀. Mo tún ojú ìwé ṣí báyìí, ojú ewé mẹ́rin ti dàwátì. Mo sunkún, mi ò purọ́. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ewé yẹn ló dùn mí jù, torí mo gbà á gbọ́.

Sẹ́gun_wáyà
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì ni tèmi gbé lọ.

Dèjì_kóòdù
Mọ̀mí, ẹ kú àfaradà. Ó ti ṣe àwa náà rí. WebSocket ni okùn tó so ojú ìwé mọ́ server, nginx, ètò tó ń gba ọ̀rọ̀ kọjá sí server, sì sábà máa ń dúró láàárín. Bí ẹ ò bá yí proxy_read_timeout rẹ̀ padà, ìyẹn iye àkókò tó fi ń dúró de ọ̀rọ̀ server, tí server bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 60, nginx á já okùn náà. Ẹ̀yin ń tẹ̀ lọ, ojú ìwé ń gbà á lọ́wọ́ yín, kò sì síbi tó ń gbé e lọ. A ní kí server máa fi ping, àmì kékeré pé òun ṣì wà, ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 25. Ìyẹn nìkan ò tó. Ojú ìwé tiwa ń ka ọ̀rọ̀ sí èyí tó ti wà ní ìpamọ́ ní kété tó bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ ẹni tó kọ ọ́. Ó yẹ kó dúró kí server fèsì pé ó ti dé orí dísìkì.

Abẹ́rẹ́
Dèjì, èyí ò tíì dá mi lójú o. Ẹni tó ń tẹ̀wé lemọ́lemọ́, server á máa fèsì fún un, 60 yẹn ò ní pé láé.

Dèjì_kóòdù
Ògbufọ̀ ni wọ́n. Wọ́n á kà, wọ́n á ronú, wọ́n á yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò.

Ìyá_Ìbejì
Mo tiẹ̀ dìde lọ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ.

Abẹ́rẹ́
Ó yé mi wàyí.

Fólúkẹ́_olótùú
“Error 1006” ló hàn sí wa níbi iṣẹ́. Bàbá olóòtú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlà 1006 nínú ìwé tí kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ! Àṣé nọ́ńbà tí WebSocket ń lò fún okùn tó já láìdágbére ni. Ta ni wọ́n retí pé kó mọ ìyẹn? Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni: “Ìsopọ̀ yín ti já. Ohun tí ẹ kọ láti aago 10:42 ṣì wà lórí ẹ̀rọ yín nìkan. Ẹ má ti ojú ìwé yìí pa.”

Sẹ́gun_wáyà
Ẹni mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé náà. Bí wọ́n bá rí “yín”, wọ́n á rò pé ti gbogbo wọn ló já. “Rẹ” ló yẹ.

Fólúkẹ́_olótùú
Kí server máa pe ẹni àádọ́rin ọdún ní “o”? Láéláé!

Ìyá_Ìbejì
Ẹ kúkú kọ “Ìsopọ̀ orí ẹ̀rọ yìí ti já.” Kò sí “yín”, kò sí “rẹ”.

Sẹ́gun_wáyà
Mọ̀mí ti parí ìjà.

Àlàdé_Ọ̀yọ́
Mo mú un, ẹ ṣeun mà. Test ńkọ́?

Àmì_Ohùn
Kí lẹ ń tẹ̀ nínú test yín? Bó bá jẹ́ “hello”, ẹ ò tíì ṣe test kankan. “Hello” jẹ́ 5 lójú JavaScript, èdè kóòdù tí browser ń lò; byte 5 náà ló jẹ́ ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà (byte ni ìwọ̀n àyè tí lẹ́tà ń gbà). “Ọ̀rẹ́” jẹ́ 5 lójú JavaScript, ṣùgbọ́n byte 11 ni: ọ gba 3, àmì orí rẹ̀ 2, r gba 1, ẹ gba 3, àmì orí rẹ̀ 2. Browser tiwa ń ka ti àkọ́kọ́, server ń ka ti ìkejì. Ẹni kan á tẹ lẹ́tà ní ìparí ìlà, á lọ já sí àárín ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Àmì kúrò lórí ẹ, ó lọ gun orí r! Ọ̀sẹ̀ méjì la fi wá a, gbogbo test sì ń sọ pé kò sí wàhálà. Ní báyìí, olùtẹ̀wé ayédèrú mẹ́ta la ń lò. Wọ́n ń tẹ ọ̀rọ̀ alámì, wọ́n ń pa á rẹ́ bó ṣe wù wọ́n, a ń já okùn ọ̀kan, a ń dá a padà. Tó bá parí, ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀. Ẹ tọ́jú seed rẹ̀, nọ́ńbà tí àwọn ayédèrú náà fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè tún un ṣe gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Sẹ́gun_wáyà
Ṣebí Google ló dá kí èèyàn púpọ̀ máa kọ ìwé kan pọ̀ báyìí sílẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò kàn lo tiwọn?

Abẹ́rẹ́
Rárá o. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Ellis àti Gibbs, ti kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1989, bí a ṣe ń tún ipò lẹ́tà ṣe nígbà tí ẹni méjì bá tẹ̀wé pọ̀. Etherpad, ètò tí èèyàn púpọ̀ fi ń kọ ìwé pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jáde ní 2008. Google ra AppJet, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ní 2009, kóòdù rẹ̀ sì di ti gbogbo ayé lọ́dún yẹn kan náà.

Àlàdé_Ọ̀yọ́
Sẹ́gun, inú yàrá ọ́fíìsì wa ni server wà. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, a ṣì ń ṣiṣẹ́.

Sẹ́gun_wáyà
Ó dáa. Iná ńkọ́? Ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ nígbà tó ń fi ìwé pamọ́ lọ́wọ́. Test gidi nìyẹn.

Dèjì_kóòdù
Òótọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sí fáìlì tuntun, ẹ ṣe fsync, àṣẹ tó ń rí i dájú pé ó dé orí dísìkì, kí ẹ tó wá fi orúkọ ti àtijọ́ sọ ọ́. Ẹ má kọ ọ́ lé ti àtijọ́ lórí.

Àlàdé_Ọ̀yọ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa wáyà yọ ní alẹ́ yìí. Ìwé ò bàjẹ́. Àmọ́ àwọ̀ ewé ṣì ń tàn lókè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí server ti kú. Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá wa dán an wò ní Sátidé?

Ìyá_Ìbejì
Màá wá. Ṣùgbọ́n inú ìwé pélébé ọwọ́ mi ni màá ti kọ́kọ́ kọ ọ́.