Ṣé Iwobi ló gba ife lọ́wọ́ wa, àbí góòlù kan tí a jókòó lé?

Ọmọ Gáà-Àkáńbí:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrójú o. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, tí Côte d'Ivoire fi góòlù 2 sí 1 na Super Eagles nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan, ni ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yanjú.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní àdúgbò wa níbí ní Ìlọrin ni mo ti wò ó. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kété tí a kírun Màgàríbì tán ni àwọn ọmọdé ti ń fi bàtà gba ààyè sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí William Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù kọ́ọ̀nà wọlé ní ìṣẹ́jú 38, ọkùnrin tó jókòó tì mí gbé mi sókè pátápátá kí ó tó rántí pé òun kò mọ̀ mí rí. Lẹ́yìn ìsinmi, ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé a ó pàdánù, àmọ́ gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ Simon Adingra ní ìhà òsì wọn ni bẹ́ńṣì ń dún, nítorí pé gbogbo wa jọ ń fà sẹ́yìn bí ẹni pé àwa la máa dá a dúró. Franck Kessié fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú 62, Sébastien Haller sì na ẹsẹ̀ ṣíwájú Troost-Ekong ní ìṣẹ́jú 81. Ẹni tó ni ilé ìwòran náà pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ife fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bá a fa ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo ṣí fóònù, orúkọ Alex Iwobi, agbábọ́ọ̀lù àárín wa, ni mo ń rí níbi gbogbo, pẹ̀lú èébú oríṣiríṣi, débi pé ọmọkùnrin náà pa àwọn àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí Instagram, tí Ahmed Musa, balógun ikọ̀ wa, sì ní láti bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ẹnì kan ló fà á tí a fi pàdánù, àbí bí ikọ̀ lápapọ̀ ṣe jókòó lé góòlù kan ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbínú dá mi lóhùn.

Ọmọ Ọlọ́fà:

Àbúrò mi, o ṣeun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní bọ́ọ̀lù gbígbá, nítorí náà, mo tún wo ìdíje náà lẹ́ẹ̀kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi bi mí bóyá orí mi pé.

Jíjókòó tí o sọ yìí kì í ṣe èèṣì. Lẹ́yìn tí a gbá ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Equatorial Guinea, akọ́nimọ̀ọ́gbá José Peseiro fi agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta dí àárín ẹ̀yìn, ìdíje mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni a sì jáwé olúborí láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan wọ ilé wa: Côte d'Ivoire yìí kan náà, 1 sí òdo, Guinea-Bissau, 1 sí òdo, Kamẹrúùnù, 2 sí òdo, Àǹgólà, 1 sí òdo. Kí a jẹ góòlù kan, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a lọ sùn. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún un nígbà náà, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àwọn bàbá wa sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti rí ọwọ́ mú lára ẹnìkejì rẹ̀ kì í tú u sílẹ̀ kí ó wá máa fi ẹ̀yìn rìn kiri agbo títí ìlù yóò fi dákẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn, òkúta kékeré tó gbé e ṣubú. Òkúta tiwa ni kọ́ọ̀nà tí Adingra gbá, tí Kessié dá dúró lẹ́bàá òpó kejì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Góòlù kejì, Adingra yìí kan náà ni wọ́n tún fún láàyè tó fi gbé e wá síwájú ilé. Ní ti Iwobi, òun àti Frank Onyeka nìkan ló wà láàárín, nígbà tí gbogbo ikọ̀ sì ti kó ara wọn sẹ́yìn, ta ni yóò gbá bọ́ọ̀lù sí? Victor Osimhen jìnnà réré níwájú. Òun ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún 2023, góòlù kan péré ló sì jẹ nínú gbogbo ìdíje yìí, nítorí pé iṣẹ́ sísá kiri ni a fún un ṣe.

Sèídù Tánkè:

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwa nìkan la wà lórí pápá. Àwọn ará Côte d'Ivoire gbá bọ́ọ̀lù jù wá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ohun tó burú nínú kí a sọ ọ́. Equatorial Guinea fi góòlù 4 sí òdo nà wọ́n nínú ilé wọn, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jean-Louis Gasset, wọ́n fa iṣẹ́ lé Emerse Faé lọ́wọ́, bí Mòrókò kò bá sì na Sáńbíà, ilé ni wọn ìbá ti máa wo ìyókù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé Sẹ̀nẹ̀gà tó ni ife tẹ́lẹ̀ jáde pẹ̀lú pẹnáritì, tí wọ́n fi èèyàn mẹ́wàá na Málì. Haller fúnra rẹ̀, àrùn jẹjẹrẹ ló ti ṣẹ́gun kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ti kú tó jí, kí ni a fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Ìyá Sáráfá, Ọmù-Àrán:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọkùnrin. N kò mọ ẹni tó wà láàárín tàbí ẹni tó wà lẹ́yìn, àmọ́ ọ̀rọ̀ Iwobi yìí dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti fi ẹfun ìkọ̀wé kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ tí a na Kamẹrúùnù, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ibẹ̀, mo rí i pé ó ti fi àkísà tútù pa ọ̀kan rẹ́. Mo bi í léèrè ìdí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórí fóònù bàbá òun. Mo fún un ní ẹfun, mo ní kí ó dá orúkọ ọmọ ọlọ́mọ padà sí àyè rẹ̀. Ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ kéré ju ti àwọn yòókù lọ.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé àwọn èèyàn kú níbi tí wọ́n ti ń wo pẹnáritì wa pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà, mo ti fi òfin de bọ́ọ̀lù fún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Inú yàrá ló wà lọ́jọ́ àṣekágbá, ó ń fi etí wá ariwo àdúgbò. Nígbà tí ilẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, «Wọ́n ti jẹ ẹ́,» ó yíjú sí ògiri.

Bàbá Ìrá:

Ìyá Sáráfá, Ọlọ́run yóò bá wa wo ọmọ náà. Ọmọ Gáà-Àkáńbí, ìwọ rò pé ohun tí ojú rẹ rí yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Abidjan yìí kan náà ni, nínú àṣekágbá ọdún 1984. Muda Lawal ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, a ti ń jó ní ìdí rédíò, Kamẹrúùnù wá fi 3 sí 1 lé wa. Lọ́dún 1988, wọ́n ní góòlù Henry Nwosu kì í ṣe góòlù, Kamẹrúùnù tún fi pẹnáritì kan gba ife lọ. Lọ́dún 1990, Àlùgèríà fi ẹyọ kan ṣe tiwa nílé wọn. Lọ́dún 2000, ní Èkó, níwájú èèyàn wa, bọ́ọ̀lù pẹnáritì Victor Ikpeba lu òpó òkè, ó bọ́ sẹ́yìn ìlà, rẹfirí kò rí i, ìwọ̀nba èèyàn ló sì ń dárúkọ rẹfirí lóde: Ikpeba ni wọ́n ń bú.

Rashidi Yekini wà nínú ikọ̀ tó fìdí rẹmi ní 1990. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó jẹ góòlù 5 ní Tùnísíà, a sì gbé ife wálé. Ìrá wa níbí ni wọ́n sin ín sí lọ́dún 2012, kò sì tíì sí ẹni tó kọjá góòlù 37 tó jẹ fún Nàìjíríà.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo bú aṣọ́lé wa ní 1984 títí ohùn mi fi há. Mo ti ń gbìyànjú láti àárọ̀ kí n rántí ohun tó ṣe gan-an. N kò rántí.

Ọmọ Gáà-Àkáńbí:

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, àlàyé yín wọ̀ mí létí, mo sì gbà fún Sèídù náà níwọ̀nba. Ohun kan wà tí n kò sọ nínú ìbéèrè mi: èmi náà kọ sí Iwobi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti pa á rẹ́ báyìí. Ìyá Sáráfá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé orúkọ yẹn ṣì wà lára ilẹ̀kùn?

Ìyá Sáráfá, Ọmù-Àrán:

Òjò kò tíì rọ̀ níhìn-ín. Ó wà níbẹ̀.