Kí ló dé táwọn èèyàn fi ń lé nọ́ńbà kìíní kọ́míìkì kiri?

Ọmọ_Ṣakí:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ́míìkì, ẹ là mí lóye. Bọ̀dá mi kan tó ń gbé Houston wálé ní Kérésì, ó gbé ìwé kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́, kọ́míìkì X-Men nọ́ńbà kìíní ti 1991, ó ní kí n tọ́jú ẹ̀ dáadáa torí nọ́ńbà kìíní ni, pé ilé la máa fi kọ́ lọ́jọ́ kan. Látìgbà yẹn mi ò jẹ́ káwọn ọmọ sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, èmi àtìyàwó mi tiẹ̀ ti jà lórí ẹ̀ torí ó gbé páálí indomie lé e lórí. Kí ló wà nínú nọ́ńbà kìíní tí ò sí nínú nọ́ńbà ogún? Ṣé ìtàn ẹ̀ ló dùn jù ni àbí kí ni?

Baba_Kọ́míìkì:
Ọ̀gá mi, ẹ má bínú o, ilé yẹn ò lè kọjá fáùǹdéṣọ̀n. X-Men ti 1991 yẹn, bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ẹ̀dà ni wọ́n tà, kọ́fà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún un kẹ́nì kan ṣoṣo lè ra márààrún, àwọn èèyàn dẹ̀ rà á, wọ́n dì í sínú ọ̀rá bíi tiyín yẹn, gbogbo wọn ló ń retí ilé. Ohun tí gbogbo ayé tọ́jú pa mọ́, ta lẹ fẹ́ tà á fún?

Ẹ wá wo Action Comics nọ́ńbà kìíní, 1938, èyí tí Superman ti kọ́kọ́ jáde. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni wọ́n ń tà á. Ọmọdé ló ń rà á, wọ́n á kà á tán, wọ́n á ká a sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ìyá wọn á gbá a mọ́ ìdọ̀tí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì wá dé, wọ́n ń kó bébà àlòkù jọ fún ogun káàkiri Amẹ́ríkà, kọ́míìkì bá a lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń jà lé lórí báyìí, ní 2024 mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ni wọ́n ta ẹ̀dà kan. Jerry Siegel àti Joe Shuster tó dá Superman sílẹ̀ ńkọ́? 130 dọ́là ni wọ́n fún àwọn méjèèjì pa pọ̀, bí Superman ṣe di ti ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Inú máa ń bí mi tí mo bá ti rántí.

Àdùkẹ́_Kàwé:
Ẹ̀yin ọkùnrin, owó ṣáá, owó ṣáá. Èmi ò ní nọ́ńbà kìíní kankan nílé, Action Comics yẹn tí wọ́n tún tẹ̀ ni mo kà, mo dẹ̀ mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Superman inú ẹ̀ kì í fò bí ẹyẹ o, bíi tata ló ń fò! Lójú ìwé àkọ́kọ́ gan-an, èèrà àti tata ni wọ́n fi ṣàlàyé agbára ẹ̀. Kò sí Kryptonite, òkúta tó ń gba agbára ẹ̀, kò sí Lex Luthor ọ̀tá ẹ̀. Ojú ìwé mẹ́tàlá péré, nínú ẹ̀ ó já ilẹ̀kùn gómìnà lóru torí obìnrin tí wọ́n fẹ́ pa láìṣẹ̀, ó tún lù ọkùnrin kan tó ń lu ìyàwó ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ ju ti ìsinsìnyí tó ń gbé pílánẹ́ẹ̀tì kiri lọ. Tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ máa mọ ohun tí wọ́n rò kí wọ́n tó mọ̀ pé ó máa lówó.

Tunji_Surulere:
Kì í dẹ̀ ṣe gbogbo ìgbà ni nọ́ńbà kìíní ló ni ọ̀rọ̀. Spider-Man, inú nọ́ńbà 15 Amazing Fantasy ló ti jáde ní 1962, ibẹ̀ ni wọ́n dẹ̀ ti dá ìwé yẹn dúró nígbà yẹn, 1963 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní tiẹ̀.

Ìyá_Bọ́lá:
Ẹ ń sọ ti Amẹ́ríkà, Ikebe Super ńkọ́? 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ni Papa Ajasco ti wá kó tó dé tẹlifíṣọ̀n. Bàbá mi máa ń rà á, màámi dẹ̀ ń dín àkàrà, ẹ ti mọ ibi tó parí sí. Mo ṣì ń rí orí pípá Papa Ajasco tí òróró ti rin, àkàrà mẹ́ta lórí ẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá nọ́ńbà kìíní la fi jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ_Ṣakí:
Mo ti lọ yọ ọ́ wò. Wolverine àti Cyclops, méjì nínú àwọn X-Men, ló wà níwájú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún bọ̀dá mi o, mo ti já ọ̀rá yẹn, ọmọ mi ọkùnrin ló ń kà á lọ́wọ́ lórí àga. Ó ní òun fẹ́ mọ̀, tí Magneto ọ̀tá wọn bá lè fa irin, kí ni Wolverine tí egungun ẹ̀ jẹ́ irin ń wá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀? Mi ò mọ èsì tí mo máa fún un. Páálí indomie dẹ̀ ti padà síbi tó wà.