Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fóònù kan, ọmọ 62, mùsíìkì ni mo fẹ́ kọ́ wọn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Àkúrẹ́ ni mo wà, JSS 1 ni mò ń kọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n máa ṣe apá mùsíìkì nínú CCA (Cultural and Creative Arts, iṣẹ́ ọnà àti àṣà) torí ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ àwòrán yíyà ni èmi kà, ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nínú orin ò ju ti kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ọmọ 62, kò sí kíbọ́ọ̀dù, ìlù kan ṣoṣo tó wà, awọ ẹ̀ ti ya. Fóònù mi ni mo ní àti sípíkà Bluetooth kékeré kan.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo fi fídíò kan hàn wọ́n lórí YouTube, wọ́n kọ "talking drum" sí i. Wọ́n wò ó bí ẹni ń wo fíìmù, ìgbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́, kíláàsì dákẹ́ lọ gbáà. Ọmọkùnrin kan ló dìde tó ní "Àǹtí, ìlù tí wọ́n ń lù nílé wa kọ́ nìyẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu èyí." Ó dùn mí gan-an torí òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí ojúlówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, báwo ni mo sì ṣe máa lò ó tí kò ní di fíìmù wíwò?

Tíṣà JSS, Ondo: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Jẹ́ńbé ni wọ́n fi hàn yín, ìlù apá Mali àti Guinea ni. Tí ẹ bá ń wá nǹkan, ẹ má tẹ "African drum", orúkọ ẹ̀ gan-an ni kí ẹ tẹ̀: dùndún, ìyáàlù, gúdúgúdú. Ìṣẹ́jú kan péré ni kí ẹ fi dún, kó sì tó dún ni kí ẹ ti pín iṣẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn tó jókòó síwájú pé gúdúgúdú nìkan ni kí ẹ fetí sí, torí òun kì í sọ̀rọ̀, ohun kan náà ló ń lù lọ, ẹ fi ọwọ́ lù ú sórí tábìlì. Àwọn tó wà lẹ́yìn á mú ìyáàlù tòun ti ṣaworo ara ẹ̀. YouTube ní ibi tí ẹ ti lè dín eré ẹ̀ kù sí 0.5 tàbí 0.75, ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì.

Olórí kọ́yà, Ìjàpọ̀: Ẹ wá Chrome Music Lab ti Google, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi eré kọ́ mùsíìkì, ọ̀fẹ́ ni, kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ẹ wọ Song Maker, ẹ yan Pentatonic, ohùn máàrún, d r m s l, nìkan ló máa kù, ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa ló sì wà lórí máàrún yẹn. Ẹ wá ní kí wọ́n fi àpótí kékeré inú ẹ̀ "kọ" ọ̀rọ̀: ọkọ á dúró lójú kan, ọkọ́ á gòkè, ọkọ̀ á wálẹ̀, ọ̀kọ̀ á wà nísàlẹ̀. Wọ́n á fojú rí ohun tí ẹnu wọn ti mọ̀ látilé.

Ẹni tó béèrè: Áà, èyí wọ̀ mí lára sà. Àmọ́ fóònù kan fún ọmọ 62 ńkọ́, àti dátà?

Tíṣà JSS, Ondo: Ẹ ya àpótí yẹn sára bọ́ọ̀dù mà, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, kí wọ́n kọ ọ́ lórin, lẹ́yìn náà kí ọmọ mẹ́fà wá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kí gbogbo kíláàsì gbọ́ bóyá ohun tí wọ́n kọ ló dún. Kì í jẹ dátà tó fídíò. Tí ẹ bá rí láptọ́ọ̀pù yá, MuseScore tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin náà wà, ọ̀fẹ́ ni, tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀ kò nílò nẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan, Alágbàká: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, ohùn ọ̀rọ̀ kì í ṣe dò re mí gan-an bí ti píánò, gígòkè àti wíwálẹ̀ ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo àwọn orin ìsìn tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ, ẹlòmíì ń kọ ọ́ tí ìtumọ̀ ẹ̀ yí padà pátápátá, kọ̀ǹpútà ò sì ní sọ fún ọmọ pé ó ti ṣì í.

Ìyá kan, Ondo: Ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà lórí nẹ́ẹ̀tì o. Orin Obitun tiwa níbí, tí a máa ń kọ fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà, ẹnu àwọn ìyá àgbà ni mo ti gbà á sórí fóònù, òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn tó ń ka mùsíìkì ní Adéyẹmí, yunifásítì àwọn olùkọ́ ní Ondo níbí, náà máa ń jáde ṣe TP (ìdánrawò iṣẹ́ tíṣà), kí prínsípà yín béèrè fún ọ̀kan.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé púpọ̀ mà, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo pe ọmọkùnrin yẹn lónìí, bàbá bàbá ẹ̀ ló ń lu gángan, ó ní wọ́n lè wá lọ́jọ́bọ̀. Ṣé kí n fi fóònù gbà á sílẹ̀?

Ìyá kan, Ondo: Gbà á sílẹ̀, àmọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí o tó tan fóònù, kí o sì wá owó ọkọ̀ fún wọn.