Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: egbò ẹsẹ̀ màmá mi ò jinná, ìgò áyódìn mẹ́ta ló sì ti tán

Ìyá Ìrètí (Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Màmá mi wá kí wa n'Íbàdàn láti Ṣakí, ó ti fẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni àbúrò mi ọkùnrin ní òun máa fi ọ̀kadà òun gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀, mo tiẹ̀ fún un lówó ọkọ̀. Ó gba owó náà o, ó tún fi ọ̀kadà gbé wọn. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni salẹ́ǹsà ti jó wọn lẹ́sẹ̀.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti ìyàwó rẹ̀. Kò fi ẹsẹ̀ kan ilé mi láti ọjọ́ náà, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lọ kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé mi ò mọ egbò tọ́jú, pé ọ̀dọ̀ òun ló yẹ kí màmá wà. Ọ̀dọ̀ ta? Ẹni tó jẹ́ pé nígbà tí màmá lọ kí wọn lọ́dún kejì sẹ́yìn, gàrí ni wọ́n mu sùn!

Kì í ṣe pé mi ò tọ́jú egbò náà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, mò ń da áyódìn sí i. Ìgò mẹ́ta ti tán, mo ṣí ìkẹrin lánàá. Bọ̀dá tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní òun náà ni wọ́n ń lò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, pé kò sí kòkòrò tó lè dúró níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n dípò kó gbẹ, ṣe ló ń fẹ̀. Ibi tí iná ò dé pàápàá ti ń bó, ó pọ́n, ó ń ta omi. Bẹ́dṣíìtì funfun tí mo rà nígbà tí a kó wọlé tuntun ti di aláwọ̀ tíì. Mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? Àbí kí n máa fi GV kún un?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìrètí. Ayédèrú ni. Ẹ wo ara ìgò bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀. Nígbà tí omi gbígbóná da sí Táíwò mi lápá, omi ìgbín ni ìyá ọkọ mi fọ́n sí i. Ìgbín méje. Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún lójú ẹsẹ̀. Kẹ́hìndé wá ń sunkún pé wọn ò fọ́n sí òun náà lára.

Bàbá Káyọ̀dé

Áyódìn nìkan ò ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da hydrogen peroxide sí i, kó hó, ìdọ̀tí á jáde, kẹ́ ẹ wá da áyódìn lé e lórí. Ohun tí mo lò nìyẹn nígbà tí páànù gé mi lẹ́sẹ̀ lọ́dún 2011. Wọ́n ní kí n wá sí ọsibítù, mo ní fún kí ni?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ẹ má da hydrogen pọ̀ mọ́ áyódìn lójú egbò kan náà o, ẹ jọ̀wọ́. Híhó yẹn ò yan ìdọ̀tí nìkan, ara tuntun tó ń hù náà ń jẹ nínú ẹ̀.

Ìyá Ìrètí, ẹ dá mi lóhùn kí n lè mọ ohun tí mo máa sọ. Ọmọ ọdún mélòó ni màmá? Ibo lẹ́sẹ̀ gan-an, ó sì fẹ̀ tó kí ni? Kí lẹ fi ń dì í? Kí ni wọ́n kọ sára ìgò náà? Ṣé wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ TT, èyí tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì? Ṣé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, àbí àìsàn mìíràn tí wọ́n ń lo oògùn sí?

Alhaja Onílẹ̀kẹ̀

Ti bẹ́dṣíìtì ni kí n sọ. Ẹ lọ ra fítámìn C oníhóró, ti ọmọdé aláwọ̀ ọsàn kọ́ o, funfun ni. Ẹ lọ márùn-ún kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá dà á sójú àbàwọ́n náà. Ojú yín náà ló máa ṣe. Bí ẹni pé èèyàn ń fi ọwọ́ nù ún kúrò ni.

Ọmọ Ṣakí

A ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìyá àgbà, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Ó mà ṣe o.

Alhaja Onílẹ̀kẹ̀

Òun fúnra rẹ̀ ló mẹ́nu bà á. Ṣé èmi ni mo jó ìyá ni?

Ìyá Ìrètí

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ẹ̀, mo ti wò ó. Povidone-iodine 10% ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún 66 ni màmá. Abẹ́ orúnkún ni, níbi ẹran ẹsẹ̀. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, kò ju ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Báyìí àtẹ́lẹwọ́ mi ò fẹ́ẹ̀ bò ó tán. Tí mo bá ti da áyódìn sí òwú, màá lé e lójú egbò, màá wá fi ọ̀rá búrẹ́dì yí ẹsẹ̀ náà po, màá so ó kó má bàa kan bẹ́ẹ̀dì mọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè mọ́ ni o, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo fìyà jẹ màmá mi. Ìyàwó àbúrò mi tó ń pariwo yẹn, ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń di egbò?

Bàbá Káyọ̀dé

Ọ̀rá búrẹ́dì! Haa.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà, ó ń gbìyànjú ni. Ìyá Ìrètí, ẹ lọ tú ọ̀rá yẹn báyìí báyìí, kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Ayédèrú kọ́. Ojúlówó áyódìn lẹ rà, ìyẹn gan-an ló fa á. Lórí egbò kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, fún ọjọ́ mélòó kan, ó dára. Ẹ máa kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ ṣan ojú egbò, torí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá wà níbẹ̀, ara ìyẹn ni agbára áyódìn máa tán sí. Ẹ wá fi gọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó dì í, nǹkan tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé lẹ sì máa fi dì í. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yẹn, òwú rin gbindin, ọ̀rá dé e pa. Kò ríbi gbẹ, ara ló wá ń jẹ. Ibi tí iná ò dé tó ń bó yẹn, áyódìn ló jó o. Kì í ṣe salẹ́ǹsà.

Ti àtijọ́ tí wọ́n fi spírítì pò tún burú ju èyí lọ, òun ló máa ń ta èèyàn bí ata. Inú mi dùn pé kì í ṣe òun lẹ rà.

Ìyá Tòmíwá

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mò ń fi díẹ̀ sí ìdodo ọmọ mi tuntun. Ọjọ́ mẹ́fà ló pé lónìí. Kò sí nǹkan o?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Nǹkan wà o. Ẹ dáwọ́ dúró. Awọ ara ọmọ tuntun fẹ́lẹ́, áyódìn ń gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ti ìdodo ni kẹ́ ẹ béèrè ní ibi tẹ́ ẹ ti bímọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti lo áyódìn. Ẹ má fi sójú tàbí etí ọmọ o.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Omi ìgbín ò ní gbogbo wàhálà yìí.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ìyá Ìbejì, ìgbín tó ń rìn nínú ẹrẹ̀? Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú ni oògùn iná àkọ́kọ́. Kì í ṣe ìgbín, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe ẹyin.

Ìyá Ìrètí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí TT àti àìsàn mìíràn.

Ìyá Ìrètí

Mo ti tú u. Òórùn ẹ̀ kò dára. Ibi tí mo so ọ̀rá mọ́ lé roro yí ẹsẹ̀ po bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ o. Nínú gbogbo ẹbí, èmi nìkan ni mò ń jí lóru sí màmá.

TT, wọn ò gbà á. Wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà, a yẹ̀ ẹ́ wò nígbà àjínde. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó yẹn kọ ló fẹ́ sọ wọ́n di aláìsàn. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, wọn ò sùn. Àyà wọn ń já, wọ́n ń làágùn bí ẹni wà nídìí ààrò, tí fáànù sì wà lórí wọn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé wọ́n da tíì sórí rọ́ọ̀gì mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n ń rù. Èèyàn máa ń ro àròkàn jù tó bá dàgbà.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ẹ dúró ná. Ṣé nǹkan wú níwájú ọrùn wọn?

Ìyá Ìrètí

Gẹ̀gẹ̀? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní in, kí wọ́n tó bí mi. Ẹ ò lè mọ̀ tẹ́ ẹ bá rí wọn, ìborùn kì í kúrò lọ́rùn wọn. Kì í dùn wọ́n. Kí ló kan ẹsẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ó kàn án gan-an. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù tó ní dókítà, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa. Tí àyà wọn bá ń sáré ju báyìí lọ, tí wọn ò lè mí dáadáa, tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá já gaara mọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó ń mọ́. Ẹ mú ìgò áyódìn náà dání. Ẹ sọ fún wọn pé ìgò mẹ́ta ni láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lábẹ́ ọ̀rá, lára ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bàbá Káyọ̀dé

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o, kò yé mi. Ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ wa pé áyódìn ló ń lé gẹ̀gẹ̀ lọ. Òun náà ni wọ́n ń fi sínú iyọ̀. Ó yẹ kí ọrùn màmá ti fẹ́ẹ́ fọn ni, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ṣakí

Bàbá Káyọ̀dé ti di dókítà.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ìbéèrè rẹ̀ dára, ẹ jẹ́ kó béèrè. Lóòótọ́ ni, láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódìn sínú iyọ̀ wa ní Nàìjíríà, nítorí gẹ̀gẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni gbogbo ẹ̀. Ohun tí ara àgbàlagbà ń fẹ́ lójúmọ́ kò ju bíi 150 máíkírógíráàmù. Mílílítà kan ṣoṣo nínú ìgò 10% yẹn ní 10,000. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń wọnú ara, ṣùgbọ́n ojú egbò tó ṣí sílẹ̀, tí ọ̀rá bò, ń fà á bí ilẹ̀ gbígbẹ. Thyroid, ìyẹn ohun tó ń wú níwájú ọ̀fun yẹn, áyódìn ló fi ń ṣiṣẹ́. Gẹ̀gẹ̀ tó ti pẹ́ lára àgbàlagbà, bí ẹ bá da tó bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láìdúró. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á máa jẹun á sì máa rù. Mi ò sọ pé òun ni dájú o. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò.

Alhaja Onílẹ̀kẹ̀

Ó kọ́ mi lẹ́nu. Èmi náà ní gẹ̀gẹ̀ kékeré, mo máa ń fi áyódìn sí ẹsẹ̀ tí bàtà bá ti bó mi.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ẹ máa fi omi àti ọṣẹ ṣan án ní tiyín, Alhaja. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín náà.

Ìyá Ìrètí (Ọjọ́ Ẹtì, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àdúrà o. A dé ọsibítù ní aago méje àárọ̀ àná. Wọ́n ní àyà wọn ń lù ní 132 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n dá wọn dúró, wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń mú un rọlẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ti thyroid, a ṣì ń retí èsì. Wọ́n fún wọn ní TT. Omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣan egbò báyìí, wọ́n ń lo gọ́ọ̀sì tí kì í lẹ̀ mọ́ ara.

Dókítà bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn gẹ̀gẹ̀ rí. Ni màmá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn lò ó fún ọdún méjì, àwọn fi sílẹ̀ láti bí ọdún kan torí ó ti ń wọ́n jù, àwọn ò sì fẹ́ kí èmi tàbí àbúrò mi mọ̀ ká má bàa máa dá owó. Níwájú mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́, wọ́n kàn ń wo ògiri. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Alhaja, mo lo fítámìn C náà. Bẹ́dṣíìtì funfun báláú.

Ìyàwó àbúrò mi ló máa sùn ti màmá lálẹ́ yìí, torí Ìrètí ní ìdánwò lọ́la. Ó gbé ìrọ̀rí wá, ó sì gbé ọbẹ̀ wá. Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ ṣá o.