Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àjèjì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì dárúkọ iléèwé ọmọ mi fún mi

Aránṣọ (ẹni tó béèrè)
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹbí, torí wọn á kàn ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ni.

Mo máa ń ṣe fídíò kékeré nípa aṣọ rírán. Orúkọ ìnagijẹ ni mo ń lò níbẹ̀, n kì í sì í fojú hàn. Ọwọ́ mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan lẹ máa rí. Mo tún ní ojú-ewé mìíràn tí mo fi orúkọ gidi ṣí fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Lọ́kàn tèmi, odi wà láàárín méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin kan tó máa ń kọ nǹkan sábẹ́ fídíò mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó ní aṣọ tí mo rán wu òun. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, orúkọ gidi mi ló fi pè mí, ó wá ní ṣé ara ọmọ ti ń mọlé níléèwé, ó sì dárúkọ iléèwé náà. Kò halẹ̀, kò béèrè owó. Ó tilẹ̀ fi àmì ẹ̀rín parí rẹ̀. Mi ò dá a lóhùn.

Báwo ló ṣe mọ̀? Ṣé kí n pa méjèèjì rẹ́, kí n fi orúkọ tuntun bẹ̀rẹ̀? Ọdún mẹ́ta ni mo fi kó àwọn oníbàárà mi jọ sórí orúkọ yẹn.

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ̀rù á ba èèyàn. Má tíì pa nǹkan kan rẹ́, má sì tíì dènà rẹ̀. Kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù rẹ níbi tí àtẹ̀jíṣẹ́ méjèèjì wà, kí orúkọ tó ń lò, ọjọ́ àti aago hàn kedere. Tó o bá ti tọ́jú ìyẹn tán, fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn tó ni áàpù náà, lẹ́yìn náà ni kó o wá dènà rẹ̀. Lónìí náà, lọ bá wọn níléèwé kó o sọ orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ nílé ìwé, pé ẹlòmíì kankan ò gbọdọ̀ mú un. Tó bá tún gba orúkọ mìíràn wọlé, ọlọ́pàá ló kàn.

Jẹ́jẹ́ Layé
Èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Ẹ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Kí làgbà ń wá níbẹ̀?

Bàbá Kọ̀ǹpútà
Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá mi, iṣẹ́ obìnrin yìí ni. Tó bá sì kúrò, ṣé àwọn tó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde máa kúrò ni?

Aránṣọ, orúkọ ìnagijẹ yín ò ṣẹ̀ yín, ẹ má pa á dà. Okùn tó so ojú-ewé kìíní mọ́ èkejì lẹ máa wá. Ìmeèlì wo lẹ fi ṣí méjèèjì? Nọ́ńbà fóònù kan náà ni? Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, tẹ́ ẹ sì ti gba áàpù láyè láti wo orúkọ tó wà lórí fóònù yín, òun fúnra rẹ̀ lè máa gbé ojú-ewé ìkọ̀kọ̀ yín síwájú àwọn tó mọ̀ yín: "bóyá ẹ mọ ẹni yìí". Ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ni àṣírí wọn ti ń tú, wọ́n á máa bú ọ̀tá tí ò sí níbì kankan.

Ẹ ṣe báyìí lálẹ́ òní. Ẹ jáde kúrò nínú akáǹtì yín, kí ẹ wá ara yín bí àlejò. Ẹ kọ orúkọ yín sí Google pẹ̀lú àmì àyọlò ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ kọ ìnagijẹ náà bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwòrán tí ẹ ti lò, ẹ gbé e sínú Google Lens tàbí TinEye, kí ẹ wo ibi mìíràn tí yóò ti jáde.

Onílù
Ẹ tún wo àwòrán tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Kámẹ́rà fóònù lè kọ ibi tí ẹ dúró sí sínú fáìlì fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, nígbà tí John McAfee, ẹni tó dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò ìdáàbòbò kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ń sá fún àwọn ọlọ́pàá Belize, àwọn oníròyìn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ibi tí wọ́n ti yà á wà nínú fáìlì náà, báyìí layé ṣe mọ̀ pé Guatemala ló wà. Facebook àti WhatsApp máa ń yọ àkọsílẹ̀ ibi náà kúrò tí ẹ bá gbé àwòrán lásán síbẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fáìlì tàbí nípa ìmeèlì, ó lè bá a lọ. Ẹ pa ètò tó ń kọ ibi tí ẹ wà lórí kámẹ́rà, kí ọ̀rọ̀ parí.

Aránṣọ
Mo ti rí i. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìmeèlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo lò, nọ́ńbà nìkan ló dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwòrán aṣọ aláwọ̀ aró kan sínú Google Lens, ojú-ewé tèmi gan-an tó ní orúkọ gidi ló gbé wá! Èmi fúnra mi ni mo gbé aṣọ kan náà síbi méjèèjì lọ́dún tó kọjá, tí mo ń yangàn.

Ti iléèwé ńkọ́? Kì í ṣe èmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé àwòrán ọjọ́ ìbí ọmọ jáde, ó so orúkọ mi mọ́ ọn. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́: báàjì wà láyà aṣọ iléèwé náà, a lè ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀ àfi èyí tí ìdè àpò ẹ̀yìn bò. Lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ ìbí ọmọ, ọdún rẹ̀, àti orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a sọ ọ́. Gbogbo ayé ló sì lè wò ó.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé kó yọ ọ́? Ẹ mọ bí ilé ọkọ ṣe rí.

Bàbá Kọ̀ǹpútà
Ẹ kọ́kọ́ yọ orúkọ yín kúrò lára rẹ̀ fúnra yín, ìyẹn ò gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tún tan ètò tó máa ń béèrè lọ́wọ́ yín kí orúkọ yín tó lè hàn lójú-ewé yín látinú àwòrán ẹlòmíì.

Ẹ má fojú kékeré wo ọjọ́ ìbí o. Ní 2008, wọ́n wọ ìmeèlì Sarah Palin, tó ń du ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ò já páásíwọ̀ọ̀dù kankan. Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè ààbò, èyí tí wọ́n máa ń bi ẹni tó bá ní òun gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù, ló wá rí ní gbangba, ọjọ́ ìbí obìnrin náà àti ibi tó ti pàdé ọkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín ní orúkọ tí ìyá yín ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, ẹ parọ́. Irọ́ tó tọ́ nìyẹn. Ẹ kọ irọ́ náà pa mọ́ sínú áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ̀ọ̀dù, kí ẹ má baà gbàgbé ohun tí ẹ sọ.

Onílù
Kí ẹ sì fi áàpù gba kóòdù ìwọlé dípò nọ́ńbà fóònù. Jack Dorsey ló ń darí Twitter ní 2019 nígbà tí àwọn kan gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọ́n fi kọ ìsọkúsọ lórúkọ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ n dáhùn ti ẹ̀gbọ́n ọkọ, torí èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Má kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí o! Má sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán ara rẹ. Pè é. Kúnlẹ̀ lórí fóònù, á gbọ́ ọ lóhùn rẹ. Kí i, dúpẹ́ pé ó rántí ọmọ, lẹ́yìn náà kó o wá sọ ohun tí ọkùnrin yẹn kọ sí ọ, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Má sọ pé òun ló fà á. Tó bá gbọ́ orúkọ iléèwé lẹ́nu àjèjì, òun fúnra rẹ̀ á wá ibi tó ti jáde.

Jẹ́jẹ́ Layé
Èmi ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi. Àmọ́ mo ti lọ wá orúkọ ara mi báyìí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Aránṣọ
Ẹ ṣeun gan-an ni. Wọ́n ti gbọ́ níléèwé. Mo ti ra síìmù mìíràn fún iṣẹ́, mo ti pa aṣọ aláwọ̀ aró rẹ́ lójú-ewé ẹbí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kò tíì jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán tó fi ń ké "yé!" Kí a tó fi fóònù sílẹ̀, ó ti yọ àwòrán náà, ó bẹ̀ mí, ó ṣàdúrà fún ọmọ. Ó wá ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti rí òmíràn tí kò ní aṣọ iléèwé nínú, èyí tí ọmọ wọ aṣọ pupa tí mo rán fún un, pé òun á gbé ìyẹn síbẹ̀ dípò rẹ̀.

Aṣọ pupa ọ̀hún ló wà nínú fídíò mi tó jáde kẹ́yìn. Mo tún ń múra àtipe wọ́n báyìí.