Ìrírí mi pẹ̀lú àwọn bàbá rọ́ọ̀kì mẹ́rin tí mo kó jọ l'Ádó-Èkìtì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Mo ti ka ìtàn táwọn tó ṣáájú mi kọ síbí nípa àwọn àgbà olórin tí wọ́n mọ̀, tẹni tí bàbá ẹ̀ ń ta gìtá jùjú àti tẹni tó bá àgbà onísákárà pàdé níbi òkú, ẹ ṣé gan-an ni, mo wá ní kí n sọ tèmi náà.

Àbúrò bàbá mi wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé girama dá sílẹ̀ l'Ádó lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ o, kì í ṣe jùjú, kì í ṣe háíláìfù, rọ́ọ̀kì gidi tí gìtá ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìtàn irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wà l'Ékòó nígbà yẹn, èèyàn mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ Ofege, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's tí wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n mọ BLO, wọ́n mọ̀ pé Ginger Baker tó ń lùlù nínú Cream, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Èkó. Àmọ́ pé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ l'Ékìtì ńbí, nígbà tá a ṣì wà nínú Western State, tí ìjọba wa jókòó s'Íbàdàn, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Kò sí. Wọn ò ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kankan, fọ́tò wọn tó kù, ikán ti jẹ ojú ẹni méjì nínú ẹ̀. Ó ń dùn mí dọ́kàn, òun ló jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá jókòó pa pọ̀ kí n gbohùn wọn sílẹ̀.

Mẹ́rin ló kù láyé, gbogbo wọn ti lé ní 70 ọdún. Mi ò ní dárúkọ wọn torí wọn ò tíì fún mi láyè, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Bàbá Gìtá, ìyẹn àbúrò bàbá mi, Bàbá Béèsì, Bàbá Onílù, àti Díákónì, tó jẹ́ pé òun ló ń kọrin kó tó di pé ó fayé f'Ólúwa. Ilé Bàbá Gìtá ní Òkè-Ìlá la jókòó sí, lábẹ́ fàráńdà. Díákónì ní ká gbàdúrà ká tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbàdúrà fún ìlú, ó gbàdúrà fún gómìnà, ó gbàdúrà fún fóònù tí mo fi ń gbohùn wọn, Bàbá Béèsì ti sùn lọ kó tó dé orí àwọn arìnrìn-àjò, ìgbà tá a ṣe àmín ló ta jí, ó ní, "Ṣé wọ́n ti sanwó wa?"

Bàbá Onílù, etí ẹ̀ ti wúwo, àádọ́ta ọdún tó fi jókòó sídìí ìlù òyìnbó ló fà á. Ó máa ń gbọ́ o, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ìlù mélòó lẹ ní nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀?" Ó ń wò mí. Mo rò pé kò fẹ́ dáhùn nìyẹn ni mo bá yí i sí ọ̀rọ̀ ilé, mo ní, "Ọmọ mélòó l'Ólúwa fi ta yín lọ́rẹ, sà?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Méjì péré ni. Ọ̀kan ya, la bá fi awọ ewúrẹ́ bò ó." Bàbá Béèsì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga.

Ọ̀rọ̀ awọ ewúrẹ́ yìí ló wá mú mi jù lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Ìlù ńlá yẹn, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, awọ òyìnbó tó wà lójú ẹ̀ ya, ó di Èkó kí wọ́n tó rí òmíràn rà, owó ò sì sí. Bàbá Onílù gbé e lọ bá àyàn kan lẹ́bàá Ọjà Ọba. Bàbá àyàn yẹn rẹ awọ sómi mọ́jú, ó fi abẹ fá irun ẹ̀, ó nà án bo ojú ìlù nígbà tó ṣì tutù, ó fi ọsán so ó yíká, ó gbé e sóòrùn títí tó fi gbẹ. Bàbá Onílù ń fọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń fa ọsán, apá ọ̀tún fà, apá òsì fà, ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n tó bá di ife omi mú kò gbọ̀n rárá níbẹ̀ yẹn. Ó ní wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé bí ọyẹ́ bá dé awọ á le, ohùn ìlù á lọ sókè, bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ á dẹ̀, ohùn á rẹlẹ̀, wọ́n á wá máa ṣáná sí ewé gbígbẹ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, wọ́n á yá ìlù rọ́ọ̀kì níná bí ẹní ń yá bẹ̀mbẹ́ níná ká tó lọ sóde ọdún. Bàbá Béèsì ní ìdí nìyẹn tí orin kan náà ò fi jọ ara ẹ̀ lóṣù Òkúdù àti lóṣù Ọ̀pẹ. Ẹ sọ fún mi, ibo la ti fẹ́ ka irú èyí bí wọn ò bá sọ ọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀ fún àwọn àgbà tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Gìtá nìkan ni mo kọ́kọ́ bá jókòó, gbogbo ohun tó rí sọ ò ju "a jayé nígbà yẹn" lọ. Ìgbà tí wọ́n bá wà pa pọ̀ tí wọ́n ń já ara wọn nírọ́ ni ìtàn máa ń jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà.

Bí àpẹẹrẹ, eré tí wọ́n lọ ṣe n'Íkèrè. Díákónì ní 1973 ni, Bàbá Béèsì ní irọ́ ni, 1971 ni, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn débi pé ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Àfi bí Bàbá Onílù ṣe là á, ó ní, "Ọjọ́ Àjíǹde ni, ṣebí mo wọ funfun." Bàbá Gìtá bá fò sókè, ó ní ọjọ́ yẹn gan-an nìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì kó máa gba apá ọ̀tún! Ìyẹn ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Mo lọ wo kàlẹ́ńdà ọdún yẹn, òótọ́ ni o, Sọ́ńdè Àjíǹde ló bọ́ sí. Ṣé ẹ rí i pé kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó lè dá mọ ọjọ́ yẹn, ìjà ló mú un jáde.

Wọ́n kó ẹrù wọn sínú bọ́lẹ̀kájà, dẹ́rẹ́bà rántí apá ọ̀tún dáadáa láti Adó títí tí wọ́n fi ń rí Òkè Olósùnta tó wà n'Íkèrè lọ́ọ̀ọ́kán, ewúrẹ́ kan wá gba iwájú kọjá, bó ṣe yà fún ewúrẹ́ báyìí ọwọ́ ẹ̀ dá a padà sósì bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ gbogbo, ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ níwájú. Ẹnìkan ló kígbe tí dẹ́rẹ́bà fi ya wọ inú oko. Ta ló kígbe? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní òun ni. Ọ̀rọ̀ yìí le o, torí ẹni tó bá kígbe ló gba ẹ̀mí gbogbo wọn là, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnìkejì. Ẹ̀mí ò lọ sí i, àmọ́ ańpù fò bọ́ sórí ebè iṣu, gílóòbù inú ẹ̀ fọ́ (ańpù ìgbà yẹn, gílóòbù kéékèèké tó gbọ́dọ̀ gbóná kí ohùn tó jáde ló ń lò). Báyìí ni wọ́n ṣe ṣeré n'Íkèrè láìsí iná lára gìtá, Díákónì ń fi ẹnu ké ohun tó yẹ kí gìtá ké. Ó wọ bàtà gàráńtì gíga, ó já bọ́ látorí tábìlì tí wọ́n tò ṣe ìtàgé, ó sì ń kọrin lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kò já bọ́, ó ní ijó ni.

Ibi aṣọ lọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Mo béèrè ẹni tó rán ṣòkòtò bóńgó tí wọ́n wọ̀ nínú fọ́tò, èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó ń gbálẹ̀. Díákónì ní Èkó ni wọ́n ti rà á, àrán pupa olówó ńlá. Ìyàwó Bàbá Gìtá ló ń gbé iyán bọ̀ látẹ̀yìn, ó dúró, ó ní, "Èkó wo? Èyí tí mo fi máṣíìnì ọ̀gá mi rán nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́? Kọ́tíìnì gbọ̀ngàn ilé ìwé yín mà ni!"

Ẹ ò lè mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Ọdún yẹn, kọ́tíìnì gbọ̀ngàn sọ nù, wọ́n ní píríféètì kan kó wádìí ẹ̀, ó mú àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù tú kan pé àwọn ni, wọ́n nà wọ́n, wọ́n tún gé koríko pápá fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Píríféètì yẹn, Díákónì ni. Kò mọ nǹkan kan, Bàbá Béèsì àti Bàbá Gìtá ló jí i gé. Díákónì jókòó jẹ́ẹ́, ó bọ́ awò ojú, ó ní, "Ẹ dúró ná. Mo wọ kọ́tíìnì, mo lọ wádìí kọ́tíìnì?"

Ó ní òun ò ní jẹ iyán yẹn láìjẹ́ pé a wá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀hún rí kí òun tọrọ àforíjì. Kì í ṣe àwàdà o, omi ń bẹ lójú ẹ̀. A rí nọ́ńbà ọ̀kan, òun náà ti di bàbá àgbà, ó ti fẹ̀yìn tì l'Ákùrẹ́. Díákónì ń gbọ̀n bó ṣe ń ṣàlàyé lórí fóònù, ẹni yẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ látijọ́. Òǹtẹ̀ ilé ìwé wà nídìí ṣòkòtò yín, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kẹ̀yìn sí wa lórí ìtàgé la máa ń kà á." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Díákónì náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá jẹ iyán, ó jẹ ẹ́ dáadáa.

Wọ́n ṣeré díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, làkúrègbé ò jẹ́ kí Bàbá Gìtá pẹ́ níbẹ̀, Bàbá Onílù sì ń lu kúlà mínírà. Ó dùn. Gbèsè ló fọ́n wa ká. Bàbá Onílù ní Bàbá Béèsì jẹ òun ní pọ́n-ùn márùn-ún látìgbà tí náírà ò tíì dé. Bàbá Béèsì ní kò burú, nígbà tí náírà dé ní 1973 pọ́n-ùn kan jẹ́ náírà méjì, ó fa ₦10 yọ, ó nà án sí i. Ẹ ò ní gbọ́ irú èébú yẹn rí láyé yín.

Ọmọ Ìkèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mo ka èyí fún màmá mi, wọ́n ní àwọn wà níbi eré yẹn! Wọ́n ní bàbá olórin yẹn já bọ́ ni o, kì í ṣe ijó, wọ́n ní ẹsẹ̀ tábìlì ló kán, tábìlì ìyá oníbúrẹ́dì ni, wọ́n sì jà lórí ẹ̀ di alẹ́. Wọ́n ní wọ́n rò pé bó ṣe ń fẹnu ké bíi gìtá yẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ rọ́ọ̀kì nìyẹn ni, ìgbà tí wọ́n gbọ́ ojúlówó lórí rédíò wọ́n ní èyí ò dùn tó tàwọn ará Adó.

Ará Ìjerò: Tèmi kò pọ̀. Bàbá ìyá mi lu àgídìgbo, mo ń bi wọ́n léèrè orin fún ọ̀pọ̀ ọdún, "mo ti gbàgbé" ni. Ọ̀rẹ́ wọn wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ̀kan nínú orin wọn ní àkọtì, bàbá tó ń lo ọ̀pá dìde, wọ́n ní "kì í ṣe bẹ́ẹ̀!", wọ́n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò ní fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ti lọ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní wọn, fóònù méjì ni kẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ o, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ sókè.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́: Ọmọ Ìkèrè, ẹ kí màmá, mo ti ka ti tábìlì yẹn fún Díákónì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá màmá ṣe ẹjọ́ ẹ̀ lójúkojú, mo sì máa gbé fóònù dání. Ará Ìjerò, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ìjókòó kejì, a ti dá ọjọ́, orin tí wọ́n kọ fúnra wọn la fẹ́ gbà sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tó kù ni pé Bàbá Onílù ní òun ò ní gbé ẹsẹ̀ òun wá bí Bàbá Béèsì ò bá san owó yẹn ní pọ́n-ùn, pọ́n-ùn gidi, a ṣì ń wá ẹni tó ń bọ̀ láti London.